Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Igi àti Ọ̀pá Ìbọn

Ní ìpàdé wa ní Ìgànmú, káfíńtà wa kan béèrè owó ẹ̀yáwó láti fi ra irinṣẹ́, torí ọdẹ kan ní kó bá òun tún igi ìbọn ráífù ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọta ń bá àmì. Bí òjò bá ti dé, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ.

Káfíńtà wa mọ ohun tó ń ṣe é. Igi máa ń fa omi, á wú, á wá máa ti ọ̀pá irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo bí ilẹ̀kùn yín ṣe ń há nígbà òjò! Bébà ni wọ́n fi ń wò ó: wọ́n á kì í bọ àárín igi àti ọ̀pá láti apá ẹnu, wọ́n á máa fà á lọ sí ìdí. Ibi tó bá há, wọ́n á fá igi ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi fánìṣì kùn ún kí omi má wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbọn o. Lee-Enfield No. 4 tí àwọn sójà ń lò láyé ọjọ́un, ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe igi rẹ̀ kó máa ti ọ̀pá sókè nítòsí ẹnu. Ẹni tó bá fá ìyẹn, ó bà á jẹ́ ni.

Owó ẹ̀yáwó wá ńkọ́? Òfin ìbọn ọdún 1959 kò fún ṣọ́ọ̀bù káfíńtà láyè láti tún ìbọn ṣe, bí ẹni tó gbé e wá tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìgbìmọ̀ ti dá ìwé náà padà. Bó bá jẹ́ ti àga àti tábìlì ni, kó tún un kọ wá kí oṣù tó parí.