Bí A Ṣe Ń Bomi La Bílíìṣì

Nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, omi ni alásè ń bù sí i. Iyọ̀ tí ó wà nínú ìkòkò kò dín rárá. Omi ni ó pọ̀ sí i, tí iyọ̀ náà fi tàn ká, tí agbára rẹ̀ sì rọ̀. Lórí òye kékeré yìí ni gbogbo ìṣirò bíbomi la omi iyọ̀ dúró nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Ahọ́n ni alásè fi ń mọ̀ pé ó tó. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ahọ́n tọ́ wò, èyíinì ni bílíìṣì tí a fi ń mú kí aṣọ funfun. Irú iyọ̀ kan ni ó wà nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń jẹ.

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ìṣirò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ibẹ̀ wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà. Ìlú Lassa ní Borno ni a ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní ọdún 1969. Eku ni ó sì ń gbé e wọ ilé. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ a máa tọ́jú àwọn tí ó bá kó o. Ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì aláìsàn lè kó o ran nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú rẹ̀. Bílíìṣì a máa pa kòkòrò àrùn náà, bí agbára rẹ̀ bá tó: 0.5 nínú 100 fún ilẹ̀ àti ohun èlò tí ẹ̀jẹ̀ kàn, 0.05 nínú 100 fún ọwọ́, nítorí èyí tí ó le jù a máa ba awọ ara jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìgò kan tí a kọ 5 nínú 100 sí lára. Lítà kan rẹ̀ ní 50 gíráàmù oògùn nínú. Lítà kan omi 0.5 nínú 100 kò gbà ju 5 gíráàmù lọ. Nítorí náà 50 gíráàmù yóò kárí lítà 10. Ìwọ̀n bílíìṣì kan, ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn há “ọ̀kan sí mẹ́sàn-án” yìí sórí, wọn kò sì tún wo ara ìgò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bílíìṣì 3.5 nínú 100 wà lọ́jà. Lítà kan rẹ̀ ní 35 gíráàmù. Lítà 7 péré ni yóò kárí, omi mẹ́fà ni a ó sì bù sí i. Ẹni tí ó bu mẹ́sàn-án yóò ní 0.35 nínú 100, ojú kò sì lè fi í yàtọ̀ sí èyí tí ó tọ́.

Bí a bá da oríṣi méjì pọ̀ ńkọ́? Ká ní lítà 2 omi 0.5 ṣẹ́kù, a sì dà á mọ́ lítà 3 omi 0.05. Ẹ má ṣe ro 0.5 àti 0.05 pọ̀ kí ẹ pín in sí méjì. Gíráàmù ni kí ẹ kà: 10 àti 1.5 jẹ́ 11.5, nínú lítà 5. Ó di 0.23 nínú 100, kò sì tó fún ilẹ̀.

Bílíìṣì a máa rọ nínú oòrùn, nítorí náà ojoojúmọ́ ni a ń po tuntun. A kò sì gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde.

Ẹ ṣe èyí wò: bílíìṣì 3.5 nínú 100 ni ó wà lọ́wọ́, a sì ń fẹ́ lítà 14 omi 0.5 nínú 100. Lítà bílíìṣì mélòó, lítà omi mélòó?