Ẹ̀KỌ́: ỌMỌ TÍ A GBÉ PỌ̀N

Bíbélì kíkà: Ẹ́sítérì 4:10-16

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ọmọ òrukàn ni Ẹ́sítérì kí ó tó di ayaba. Nígbà tí ewu dé, Módékáì kìlọ̀ fún un pé ààfin kò ní gba òun nìkan là.

Àwa tí a kàwé máa ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ wa ni à ń jẹ. Òótọ́ ni pé a sapá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba náà ni Ọ̀jọ́ wà nígbà náà. A ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ kí a tó bí púpọ̀ nínú wa.

Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ ń pọn omi kò bá wa lọ. Ọpọlọ rẹ̀ pé ju tiwa lọ. Owó ilé ìwé kọ́ ló dá a dúró. Àbúrò ni ó ń pọ̀n. Nígbà tí a gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ẹja ni ó ń kiri.

Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Lónìí, àwọn ọmọbìnrin ń kiri omi inú ọ̀rá ní Ìyànà-Ìbà nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì. Òmíràn wà nínú ilé wa: ó ń fọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ-ọmọ wa, òun kò sì ní tirẹ̀.

Ìbéèrè:
1. Ta ni ó gbé wa pọ̀n dé ibi tí a wà?
2. Ọmọ ta ni ó ń ṣiṣẹ́ kí tiwa lè kàwé?
3. Ọmọ wo ni a ó mú lọ sí ilé ìwé ní sáà tí ń bọ̀?

Kí Olúwa là wá lójú. Àmín.