Epìyà Ọ̀sà: Ọmọ Onílẹ̀ Níhìn-ín, Apanirun Lókè Òkun

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, àti ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù tí ẹ wà létí ọ̀sà láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ epìyà ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ẹja tí ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a gbé e lọ sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé ẹja mìíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwa náà.

Epìyà tí à ń wí ni èyí tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ máa ń dúdú bí ẹni pé a fi èédú kùn ún nígbà tí ó bá dàgbà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Sarotherodon melanotheron. Láti Senegal títí dé Kamẹrúùnù ni ó ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀ nínú ọ̀sà àti ẹnu odò. Ẹ̀yin fúnra yín mọ ìwà Ọ̀sà Èkó: nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ya wọ inú rẹ̀, omi a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn tán; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu Èkó wọlé, ọ̀sà a sì di oníyọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja ni kò lè fara da ìyípadà bẹ́ẹ̀. Epìyà yìí lè fara dà á. Ní ẹnu odò Saloum ní Senegal, ó ń gbé inú omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ.

Akọ ni ó ń tọ́jú ẹyin. Bí abo bá ti yé e tán, akọ a kó o sí ẹnu, a sì pa á mọ́ síbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí àwọn ọmọ yóò fi lè wẹ̀ fúnra wọn. Ẹ̀yin ìyá inú ẹgbẹ́ wa lè rán àwọn baba létí èyí. Nítorí ìtọ́jú yìí ni ọmọ rẹ̀ púpọ̀ fi ń yè.

Nílé, kì í ṣe ewu. Ní ọ̀sà Nokoué ní ilẹ̀ Benin, àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Èéhù omi a bo igi náà, epìyà a wá jẹ ẹ́, a sì bí ọmọ sáàárín rẹ̀, wọn a sì kó o pẹ̀lú àwọ̀n. Kúta ń jẹ ẹ́, ẹyẹ ń jẹ ẹ́, àwa pẹ̀lú ń jẹ ẹ́. Ẹnu tí ó ń dín in kù pọ̀.

Ní ọdún 2010, a kó ọmọ ẹja yìí láti Ghana lọ sí ilẹ̀ Thailand. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí ń sin edé ní Samut Songkhram bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú adágún wọn. Bí wọ́n bá fa omi láti inú odò kékeré etí oko wọn, àwọn ọmọ epìyà a bá omi wọlé, wọn a jẹ ọmọ edé, wọn a sì jẹ oúnjẹ tí a rà fún edé. Àgbẹ̀ tí ó retí edé a wá kó epìyà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, ó ti tàn dé ìpínlẹ̀ tí ó ju mẹ́wàá lọ. Ní ọdún náà, ìjọba ibẹ̀ ra kílò kan ní báàtì 15 kí àwọn ènìyàn lè máa pẹja náà kúrò, wọ́n sì tún tú ẹja apẹran sínú omi láti jẹ ẹ́. Ní Florida ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọdún 1959 ni a ti rí i nínú omi ìgbẹ́, títí di òní kò lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo adágún tiwa. Epìyà tí ọ̀pọ̀ yín ń sìn kì í ṣe ti ọ̀sà. Oreochromis niloticus ni, ọmọ odò Ọya, odò Benue àti adágún Chad. Ẹ ó fi àwọn ìlà tín-ín-rín tí ó wà lóròó lára ìrù rẹ̀ dá a mọ̀. Ó tètè dàgbà, a kò sì sọ pé kí ẹ má sìn ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sínú ọ̀sà, yóò bá ti onílẹ̀ du oúnjẹ àti ibi ìbímọ, àwọn méjèèjì sì lè gun ara wọn, kí wọ́n bí àdàlù. Iyọ̀ nìkan ni ó ń dí i lọ́wọ́, nítorí pé kò lè fara da iyọ̀ tó ti ọ̀sà. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ wà létí ọ̀sà Lekki, níbi tí omi ti ń dùn fún ọ̀pọ̀ jù nínú ọdún, ni ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù lọ.

Ẹ má gbẹ́ adágún síbi tí àkúnya omi ń dé. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ẹ gbé bèbè rẹ̀ ga kí òjò tó le. Ẹ fi àwọ̀n ojú kéékèèké dí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde ní ìlọ́po méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nítorí pé idọ̀tí a máa ya ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá ń gbẹ adágún, ọmọ ẹja tí kò tó tà ni ó máa ń fa ìjàǹbá: àánú a ṣe ènìyàn, a sì dà á sínú ọ̀sà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bọ́ àrọ̀, tàbí kí ẹ yan án. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ra ọmọ ẹja, kí akọ̀wé béèrè odò tí irú rẹ̀ ti wá, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kí owó tó jáde.

Bí àwọ̀n yín bá sì mú ẹja tí àwọn àgbà apẹja kò mọ̀, ẹ má là á, ẹ má ho ìpẹ́ rẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ tàbí yìnyín pa á mọ́ lódindi, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ náà sára ìwé, kí ẹ sì gbé e wá fún òṣìṣẹ́ ẹja ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó súnmọ́ yín.