Ilé Aṣòfin Tí Kò Lẹ́nu Nígbà Ogun

Ẹ jẹ́ kí á fi orílẹ̀-èdè Peru kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1980 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ Shining Path bẹ̀rẹ̀ ogun níbẹ̀. Wọ́n ń pa ará abúlé. Àwọn sójà ìjọba náà sì ń pa aláìṣẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Épírì, 1992, Ààrẹ Fujimori ti ilé aṣòfin pa. Ní oṣù Júláì ọdún náà, àwọn sójà jí akẹ́kọ̀ọ́ 9 àti olùkọ́ 1 gbé ní Yunifásítì La Cantuta, wọ́n sì pa wọ́n.

Wọ́n dìbò yan ilé aṣòfin mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ààrẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1995, ilé yìí ṣòfin tó tú àwọn apànìyàn náà sílẹ̀. Ọdún 2001 ni ilé ẹjọ́ àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó sọ pé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2009, wọ́n rán Fujimori lẹ́wọ̀n ọdún 25.

Kí ni ẹ̀kọ́ wa? Àmánà ni ipò aṣòfin. Bí ó bá ń bẹ̀rù ẹni tó yẹ kí ó bi léèrè, ta ni yóò gbèjà aláìṣẹ̀? Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá fẹ́ dìbò.