Bí Ìbọn Àtijọ́ Bá Kọ̀ Tí Kò Dún: Ṣe àti Má Ṣe

O fa ìbọn, ó dún "kẹ́", kò sí èéfín. Snider, Martini-Henry, Sharps tàbí Springfield ti ọdún 1873, kò sí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Práímà, ìyẹn fìlà kékeré ìdí ọta tó ń tanná ran ẹ̀tù, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀.

Má ṣe sáré ṣí ìdí ìbọn. Iná lè ti ran ẹ̀tù, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìn bọ̀. Jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí ò ń yìn ín sí, kí o dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí o bá fẹ́ ṣí i, yẹ ojú kúrò lẹ́yìn ìdí rẹ̀.

Ṣe àyẹ̀wò ojú práímà. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá kàn fẹnu kàn án, tí ojú ibi tó gún kò jìn, sípíríìngì ti rẹ̀, tàbí gíríìsì àtijọ́ ti dì mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Bí ó bá dún nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, práímà kò wọlé tán ni: gbígbá àkọ́kọ́ kàn tì í wọlé lásán.

Ṣe sùúrù bí o bá ń ti práímà wọ kòròfo ọta. Kọ́kọ́ ha eérú tó wà nínú ihò rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn tí o bá ti ti práímà wọlé, fi ìka ra ìdí kòròfo. Práímà gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ ju idẹ tó yí i ká. Bí ìka bá kọ nǹkan kan, tún un ṣe. Èmi gba ìka gbọ́ ju ojú lọ níbí.

Má ṣe fi ọwọ́ olóròóró kan práímà.

Má ṣe pọ́n abẹ́rẹ́ ìbọn kó lè mú. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí roboto. Bó bá mú, yóò dá práímà lu, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò sì tú sẹ́yìn. Má yìnbọn láìwọ awò ojú. Lára ògbólógbòó ìbọn Sharps àti Rolling Block, ihò abẹ́rẹ́ lè ti fẹ̀ jù: irin práímà á wú wọ inú ihò, ìdí ìbọn á há. Má fi òòlù lù ú. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ lè dí ihò náà kó kéré.

Ṣe ìwádìí irú kòròfo tí o ní. Ti Boxer ní ihò iná kan láàárín. Ti Berdan sábà máa ń ní méjì, yóò sì ṣẹ́ irin tí o fi ń ti práímà jáde. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ni Boxer, ará Amẹ́ríkà ni Berdan, síbẹ̀ ti Boxer ni Amẹ́ríkà ń lò. Ìbọn Snider tó dé ọwọ́ àwọn Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, ọta Boxer la ṣe é fún.

Ṣe ìtọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Omi gbígbóná ló ń fọ iyọ̀ tí práímà àtijọ́ àti ẹ̀tù dúdú fi sílẹ̀; òróró nìkan kò tó. Gbẹ ẹ́ dáadáa, kí o tó fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á.

Má ṣe fi ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín rọ́pò ẹ̀tù dúdú nítorí pé ìbọn kọ̀. Irin àtijọ́ lè fọ́ mọ́ ọ lójú.

Má ṣe yin ọta ayé àtijọ́. Àwọn kan lára ọta Springfield ìgbà náà, kòròfo bàbà ni, inú ni práímà wọn wà, o kò lè rí i láti ìta. Inú àpótí gíláàsì ló yẹ wọ́n.