Dísìkì Tí Kọ̀ǹpútà Ò Dá Mọ̀

Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bá wa tọ́jú. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n jọ ni ín, ṣùgbọ́n Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ń tọ́ka sí bí a bá bèèrè orísun rẹ̀. Nígbà kan, orí àwọn àgbà nìkan ni orin Ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń kọ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń gbé. Lónìí, bí wọ́n bá ń kọ ọ́ lóru, ẹ óò rí àwọn tó gbé kámẹ́rà àti fóònù sókè, tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, inú àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Dísìkì alágbèéká ni a ń sọ, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní disque dur externe. Fọ́tò ìgbéyàwó ń bẹ nínú rẹ̀. Máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bẹ níbẹ̀. Ohùn ìyá tó ti kú lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ ó fi í sí kọ̀ǹpútà, kò sì ní jáde. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì kánjú. Àpótí yẹn wà lọ́jà, ẹ lè ra òmíràn; ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò sí lọ́jà kankan. Nítorí náà, ohun tí kò lè ba fáìlì jẹ́ ni a ó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ohun tó lè bà á jẹ́, a ó fi sí ẹ̀yìn pátápátá, tàbí kí a má tilẹ̀ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ dísìkì bẹ́ẹ̀, àwo róbótó kan wà tó ń dán, tó sì ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan wà lórí rẹ̀ tó ń ka ohun tí a kọ sójú àwo náà láì fara kàn án. Àlàfo tó wà láàárín àwo àti apá yìí kéré ju ẹyọ eruku kan lọ. Ẹ ronú nípa ìgbà ọyẹ́ ní ilẹ̀ wa, nígbà tí erùpẹ̀ pupa ń wọ inú àpótí aṣọ tí a tì pa. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ tú dísìkì yín wò nínú ṣọ́ọ̀bù òun lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Ẹ fi dísìkì sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbé ọwọ́ lé e. Ṣé iná rẹ̀ tàn? Ṣé ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín? (Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní àwo, kì í gbọ̀n, kì í sì í dún, iná rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò.) Bí iná kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná mànàmáná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wáyà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fura sí. À ń ká a, à ń tẹ̀ ẹ́, à ń jù ú sápò, títí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ á fi já láìhàn síta. Ẹ fi wáyà mìíràn dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn wáyà kan wà tí a ṣe fún gbígba iná sí fóònù nìkan. Fáìlì kò lè gba inú wọn kọjá. Bí ẹ bá lo irú rẹ̀, iná dísìkì á tàn, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí nǹkan kan.

Ihò tí ẹ fi í sí náà ṣe pàtàkì. Ihò USB 2.0 tàtijọ́ ń fún dísìkì ní iná tó tó mílíáḿpù 500, USB 3.0, tí inú rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, lè fún un ní 900. Dísìkì mìíràn wà tí 500 kò tó láti mú kí àwo rẹ̀ yí. Bí ẹ bá tún wá so ó pọ̀ mọ́ máòsì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lójú ihò kan ṣoṣo, gbogbo wọn ni yóò máa pín ìwọ̀nba iná náà. Ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ fi í sí. Ní ti àwọn dísìkì ńlá tí a ń gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n ní wáyà iná tiwọn tó ń lọ sí ara ògiri. Ẹ wò ó bóyá ẹnìkan ti yọ ọ́.

Bí kò bá tíì jáde, ẹ gbé e lọ síbi kọ̀ǹpútà mìíràn. Ìgbésẹ̀ yìí kò ná yín lówó, òun ló sì ń fi ibi tí ẹ̀bi wà hàn wá. Bí ó bá jáde níbẹ̀, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló ní àrùn. Ẹ má kàn dúpẹ́ kí ẹ sì yọ ọ́: lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀, nítorí dísìkì tó jáde lónìí lè má jáde lọ́la.

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà ti rí dísìkì, kò kàn fi í hàn yín ni. Windows ń fi lẹ́tà pe dísìkì kọ̀ọ̀kan: C ni tinú kọ̀ǹpútà, D, E, F ni ti àwọn yòókù. Dísìkì tí kò ní lẹ́tà kì í hàn. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ X, kí ẹ wá « Gestion des disques » nínú ohun tó bá jáde. Bí ẹ bá rí dísìkì yín níbẹ̀ tí kò ní lẹ́tà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan « Modifier la lettre de lecteur », kí ẹ sì fún un ní lẹ́tà tí òmíràn kò lò. Fáìlì kankan kò ní sọnù nípa èyí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pàdánù ohun ìní wọn nìyí. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ síwájú yín pé ẹ gbọ́dọ̀ fọ dísìkì kí ẹ tó lè lò ó. Bọ́tìnì méjì á wà níbẹ̀: « Formater le disque » àti « Annuler ». « Annuler » ni kí ẹ tẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ kò ju pé òun kò lè ka dísìkì yìí. Kò sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín tó ń gbé ní Paris bá fi kọ̀ǹpútà Apple ṣètò rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ara dísìkì náà lè dá ṣáṣá, síbẹ̀ kí Windows ní kí ẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹnìkan bá ti fọ̀ ọ́ lọ́nà kíákíá, àtòkọ orúkọ àwọn fáìlì ló parẹ́. Nínú dísìkì tó ní àwo, àwọn fáìlì fúnra wọn ṣì wà níbẹ̀ títí ohun tuntun á fi bò wọ́n. Ẹ má kọ ohunkóhun sí i mọ́. Christophe Grenier, ọmọ Faransé, ti ṣe TestDisk àti PhotoRec, tó ń wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí dísìkì mìíràn ni kí ẹ kó ohun tí ẹ bá rí sí.

Bí dísìkì bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, pàápàá lẹ́yìn tó jábọ́ lórí zémidjan, ẹ yọ ọ́ kíá. Apá inú rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sì tún tan án, ó lè ha ojú àwo. Ẹ má gbá a, ẹ má gbé e sínú fìríìsà bí àwọn kan ti ń wí, nítorí òógùn tútù máa ń jáde lára ohun tó bá ti inú òtútù wá sínú ooru wa. Àwọn tó ní yàrá tí eruku kì í wọ̀ nìkan ló lè tú u, owó wọn kò sì kéré. Bí kò bá sí ẹ̀dà, ẹ fi í pamọ́ títí owó yóò fi tó.

Ní Kétu, oyè kan wà tó ń jẹ́ Baba Ẹlẹ́gùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mọ ìtàn àwọn ọba Kétu lórí, kó sì sọ ọ́ jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi Alákétu tuntun jẹ. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú orí kan ṣoṣo. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti máa kọ́ ọ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, fi òfin mẹ́ta-méjì-ọ̀kan sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Bí tiyín bá wà ní Kétu, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹbí ní Àjàṣẹ́. Kí ẹ sì tó yọ dísìkì nígbàkígbà, ẹ tẹ « Éjecter », kí ẹ dúró títí kọ̀ǹpútà á fi yọ̀ǹda.

Iṣẹ́ fún ìpàdé wa tó kàn: ẹ mú dísìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ wá, pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín, ọdún tí ẹ rà á àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. A ó jọ ṣí « Gestion des disques », olúkúlùkù yóò sì ka lẹ́tà dísìkì tirẹ̀ sókè.