Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: NǸKAN OṢÙ TÍ KÌ Í WÁ DÉÉDÉÉ, ÀTI OÚNJẸ TÍ À Ń JẸ LÓRÍ ÌSỌ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń jẹ ọmọ ẹni níyà, a kì í fi aṣọ bò ó. Ó ṣòro kí ìlà ìsọ̀ kan wà lọ́jà tí a kò ní rí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré lọ́dún, tàbí tí irun ń hù sí ní àgbọ̀n, tàbí tó ti ń wá ọmọ látọdún mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa náà jẹ̀bi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń kọjá, a máa ń fi ìgúnpá gbún ara wa, a ó ní, "Ẹ wo irùngbọ̀n bí ti ọkùnrin." Bó bá jẹ́ ìyàwó ọmọ wa ni, a ó ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Lónìí àgbò, lọ́la ọṣẹ, lọ́tùnla ìsọ́ òru. Owó ọjà á tán, ìsọ̀ á gbẹ, ọ̀rọ̀ ò sì ní kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àìsàn tó ní orúkọ tó sì ní ìtọ́jú ló ń ṣe wọ́n.

KÍ NI ORÚKỌ RẸ̀?

Polycystic Ovary Syndrome ni àwọn dókítà ń pè é. PCOS ni wọ́n gé e kúrú sí. Kì í ṣe àìsàn tuntun rárá. Ní ọdún 1935, àwọn dókítà méjì ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Stein àti Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin 7 tó ní i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú obìnrin 100 tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, bíi 10 sí 13 ló ní i. Wọ́n tún ní nínú 100 àwọn tó ní i, ó lè tó 70 tí kò mọ̀ pé òun ni.

Ohun tí wọ́n máa ń rí nínú ilé ẹyin kì í ṣe kókó burúkú. Ẹyin tí kò gbó tán ni, tí kò sì jáde, tó wá tò síbẹ̀ nínú àpò kéékèèké. Kì í ṣe fáíbírọ́ọ̀dù. Ó sì máa ń wà nínú ẹbí nígbà mìíràn, láti ọ̀dọ̀ ìyá sọ́dọ̀ ọmọ, tàbí láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

BÓ ṢE Ń ṢẸLẸ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣàpèjúwe. Oúnjẹ tí a jẹ, pàápàá òkèlè, ìrẹsì, búrẹ́dì àti nǹkan dídùn, ṣúgà ló máa ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà yìí dà bí ẹrù tí ọkọ̀ já sẹ́nu ọjà. Alábàárù tó ń gbé e lọ sí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ara ni wọ́n ń pè ní ínsúlínì.

Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, ilẹ̀kùn àwọn ìsọ̀ yìí ti le, kì í ṣí bọ̀rọ̀. Kí ni ara á ṣe? Á tún pe alábàárù sí i. Mẹ́wàá á di ogún. Bí alábàárù bá wá pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà, ṣé wọ́n á jẹ́ kí ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rí ọjà tà? Ilé ẹyin ni ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ lára họ́mọ̀nù ọkùnrin nínú ara, ṣùgbọ́n bí ínsúlínì bá pọ̀ jù, ilé ẹyin á máa ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹyin ò ní gbó, kò ní jáde lásìkò. Nǹkan oṣù á dúró, irun á hù sí àgbọ̀n àti àyà, irorẹ́ á bo ojú, irun orí á máa re.

Ìdí nìyí tí oúnjẹ fi kan ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹrù tó ń já sẹ́nu ọjà lẹ́ẹ̀kan náà bá dínkù, alábàárù náà á dínkù, ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ á sì lè mí.

Ẹ má rò pé ẹni tó sanra nìkan ló ń ṣe o. Ẹni tó tín-ín-rín náà ń ní i.

OÚNJẸ WA LÓRÍ ÌSỌ̀

Ẹ wo bí a ṣe ń jẹun. Láàárọ̀, búrẹ́dì ńlá àti tíì tó kún fún ṣúgà. Lọ́sàn-án, ẹ̀bà gìrìwò, ọbẹ̀ díẹ̀, ẹran kékeré. Bí oòrùn bá mú, mínírà tútù. A ò ní jẹ nǹkan kan mọ́ títí a ó fi délé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, iyán ló kàn, lẹ́yìn náà oorun. Ìgò mínírà 50cl kan ṣoṣo lè ní tó ṣíbí ìmutíì 10 ṣúgà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tún ìlànà ìtọ́jú àìsàn yìí ṣe. Wọ́n ní kò sí oúnjẹ kan pàtó tó ju ìyókù lọ fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń ta ìyẹ̀fun tó ń "fọ ilé ẹyin", ẹ fi owó yín sápò. Oúnjẹ ọjà wa náà ni a ó tún tò:

1. Kí òkèlè má ju ìkúùkù ẹni lọ. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ nínú abọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ilá, ewédú. Kí ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.

2. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, èkuru àti gbẹ̀gìrì dára púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà wọn ń wọ ẹ̀jẹ̀, wọn kì í sì jẹ́ kí ebi tètè pa ni. Mọ́ínmọ́ín méjì láàárọ̀ sàn ju búrẹ́dì àti tíì lọ.

3. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí wíìtì kò ní ṣúgà. Ó ní i o. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ rìbìtì bí òkè, ẹrù náà ni. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì.

4. Omi ni kí ẹ fi rọ́pò mínírà àti máltì. Oyin náà, ṣúgà ni. Èso, ẹ jẹ ẹ́ lódindi, ẹ má fún omi rẹ̀ mu. Ẹ̀pà ìwọ̀nba ọwọ́ kan dára láti fi pa ebi ọ̀sán.

5. Ẹ má febi para yín. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ títí di alẹ́ nítorí pé ó fẹ́ fọn, àjẹjù ló máa ń bá a parí.

Ẹni tó sanra kò nílò láti di òpéèrè. Ẹni tó wọn kílò 90, bó bá dín kílò 5 sí 9, ó lè tó kí nǹkan oṣù tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ DÌDE LÓRÍ ÀPÓTÍ

A máa ń sọ pé iṣẹ́ ọjà ti tó eré ìdárayá. Bẹ́ẹ̀ láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí la wà. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ fún ṣúgà, kódà bí ara ò tíì fọn. Ẹ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ kan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó ṣáájú ọjà. Ẹ lè yí ọjà po kí ẹ tó pàtẹ. Ẹ sì máa sùn dáadáa.

Ẹ LỌ SÍ ỌSIBÍTÙ

Oúnjẹ nìkan kò tó fún gbogbo ènìyàn. Bí nǹkan oṣù bá dúró ju oṣù mẹ́ta lọ tí kì í ṣe oyún, ẹ lọ rí dókítà. Bí ara inú ilé ọmọ kò bá ń wó bó ṣe yẹ, ó lè nípọn, ó sì lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, nítorí ìtọ̀ ṣúgà ń tẹ̀lé àìsàn yìí. Ìbéèrè, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tàbí àwòrán inú ni dókítà máa fi mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn àìsàn mìíràn wà tó jọ ọ́. Ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ó lè má wá déédéé lọ́dún àkọ́kọ́, kí ìyá má tíì bẹ̀rù.

Fún ẹni tó ń wá ọmọ, oògùn wà tó ń jẹ́ kí ẹyin jáde, ọ̀pọ̀ ló sì ti bímọ. Ẹni tí kò sì fẹ́ bímọ báyìí, kó má fi àìrí nǹkan oṣù ṣe ìfètò, oyún lè wọlé lójijì. Bí ẹ bá ń lo àgbò, ẹ sọ fún dókítà. Èyí tí wọ́n fi ọtí líle rẹ, ẹ yẹra fún un. Oògùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Èyí tó kù di ọwọ́ àwa ìyá. Bí ọmọ wa, ìyàwó ọmọ wa tàbí ọmọ iṣẹ́ wa bá ní nǹkan oṣù òun kò wá, ká má pè é ní ọkùnrin, ká má pè é ní àgàn. Ká bá a dé ọsibítù, ká sì jọ yí ìkòkò ọbẹ̀ ilé padà, kó má jẹ́ òun nìkan ni yóò máa jẹ oúnjẹ aláìsàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Kí ló dé tí òkèlè ńlá àti mínírà fi lè da ilé ẹyin láàmú?
2. Oúnjẹ wo la lè máa gbé wá láti ilé láàárọ̀ dípò búrẹ́dì?
3. Ta ni ó wà nítòsí wa tí a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó yẹ ká tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀?

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ajé á bá gbogbo wa jókòó o. Àṣẹ.